Etí Rẹ Gbọ́, Ẹsẹ̀ Rẹ Ò Rìn

Ìwọ mẹkáníìkì tó ń dúró nídìí àtẹ oníwèé ìròyìn láti aago méje àárọ̀, tí o ò ra ẹyọ kan, tí o sì ń jiyàn bí ẹni pé ìwọ lo tẹ̀ ẹ́, ìwọ ni mò ń bá wí. O mọ ohun tí ààrẹ Amẹ́ríkà sọ lóru àná. Mo ní kí o dárúkọ káńsílọ̀ wọ́ọ̀dù rẹ, o ń họrí.

Mi ò ní ìròyìn ò dára o. Nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn l'Abẹ́òkúta ní 1859, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló ń jáde, owó ẹyọ 120 ni wọ́n sì ń tà á. Ta ni yóò ná irú owó bẹ́ẹ̀ sórí ohun tí kò ní í wúlò fún un? Nílé tiwa n'Ìbàdàn, asọ̀rọ̀mágbèsì ló wà lára ògiri. Bàbá wa á gbọ́ ìròyìn àárọ̀ tán, wọ́n á gbé àdá, ó di oko.

Ìwọ ńkọ́? Lóṣù kẹwàá 2022, Báńkì Àpapọ̀ kéde pé àwọn yóò pààrọ̀ owó 200, 500 àti 1,000 náírà. Wọ́n dá gbèdéke fún owó àtijọ́, wọ́n tún sún un di ọjọ́ 10, oṣù kejì, 2023. O mọ ọjọ́ náà bí orúkọ ara rẹ, ṣùgbọ́n iyàn ìbò lò ń jà nídìí àtẹ. Ìyá rẹ, àbúrò mi, ò gbọ́ nǹkan kan lábúlé. Owó ẹ̀gẹ́ tó tà wà lábẹ́ ẹní. Ọjọ́ tó gbé e dé ọjà, kò sẹ́ni tó gbà á. Kí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tó ní kí wọ́n máa ná owó àtijọ́ lọ, lóṣù kẹta, ẹni tó ń gbin ẹ̀gẹ́ ti ń tọrọ gàrí.

Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, bí a ò bá wí fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ ò ní í jẹ́ ká sùn lóru. Ṣé o sùn lóṣù náà, pẹ̀lú bí ìyá rẹ ṣe ń pè ọ́ lálaalẹ́?

Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ tó fún ìròyìn. Èyí tó bá kan ilé rẹ, owó rẹ tàbí ìlera ọmọ rẹ, dìde sí i, kí o sì sọ ọ́ fún ẹni tí kò gbọ́. Ìyókù, oníròyìn ló ni ín.

Aago mẹ́sàn-án ti lù. Mọ́tò oníbàárà rẹ ṣì wà lórí jáàkì láti àná. Kúrò níbẹ̀!