Ẹ Dé Akoto Fọ́mọ Yín

Ní Bonneville, ìpínlẹ̀ Utah l'Amẹ́ríkà, pápá kan wà tó jẹ́ kìkì iyọ̀. Bàbá, ìyá àtọmọ máa ń lọ wo eré àsápajúdé níbẹ̀. Ní 1967, Burt Munro, bàbá ẹni ọdún 68, sá ju 180 máìlì ní wákàtí kan lọ lórí alùpùpù. Pápá náà tẹ́jú, kò sí kòtò, kò sí tírélà. Síbẹ̀, ẹni tí ò bá dé akoto ò gbọdọ̀ sáré.

Àwa ńkọ́? Ọ̀kadà kan ṣoṣo: ìyá, ọmọ méjì, apẹ̀rẹ̀ ata, akoto ò sí lórí ẹnì kankan! Ẹ jẹ́ ká yọ owó akoto nínú èrè wa. Bí ata bá dà nù, a ó ra òmíràn. Orí ọmọ ò sí lọ́jà.