Omi Lowell mọ́, òwú ibẹ̀ ńkọ́?

Tẹ́ ẹ bá dé Lowell, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts l'Amẹ́ríkà, ohun tó máa kọ́kọ́ gba ojú yín ni àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ alájà púpọ̀ tí wọ́n fi bíríkì pupa kọ́. Wọ́n rẹwà lóòótọ́. Àmọ́ tèmi ni pé kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ wo omi.

Níbi tí wọ́n ń pè ní Pawtucket Falls, odò Merrimack ń já wálẹ̀ láàárín àpáta, nǹkan bíi mítà 10. Ọkọ̀ ojú omi ò lè gba ibẹ̀, ni wọ́n bá gbẹ́ kánáàlì tó yí i ká lọ́dún 1796. Nígbà tó di 1821, àwọn oníṣòwò Boston ra kánáàlì yẹn. Kì í ṣe torí ọkọ̀ mọ́ o, agbára omi ni wọ́n ń wá. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò: tí omi tọ́ọ̀nù kan bá ń já láti òkè mítà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, tí nǹkan kan ò sì ṣòfò, kìlówáàtì 98 nìyẹn. Ó máa tan gílóòbù 100 watt tó tó 980! Kò sí epo, kò sí èéfín.

James B. Francis, ẹnjiníà tó ń bójú tó omi náà, tún wá sọ tọ́báìnì di ọ̀tun: omi á gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, á yí abẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀, á gba àárín jáde. Irú ẹ̀ ni wọ́n ṣì ń lò ní ìsédò Itaipu, láàárín Brazil àti Paraguay. Mo kan sárá sí i.

Ibi tó ti ń dùn mí nìyí. Kò ṣòro kéèyàn kúrò níbẹ̀ kó máa yin agbára tó mọ́ tónítóní. Àmọ́ òwú kì í hù ní Massachusetts. Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti ń wá, àwọn ẹrú aláwọ̀ dúdú ló ń ká a. Bí tọ́báìnì ṣe ń dára sí i, bẹ́ẹ̀ ni ilé iṣẹ́ ń béèrè òwú sí i. Èyí tó wá burú jù ni pé wọ́n ń hun aṣọ kan tó yi bíi kíjìpá, wọ́n á tà á padà fáwọn olówó ẹrú kí wọ́n fi wọ ẹrú wọn. Àwọn ẹrú náà ń pe aṣọ yẹn ní "lowell".

Torí náà, tẹ́ ẹ bá wọ Boott Cotton Mills, tó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé báyìí, tí ariwo ẹ̀rọ ìhunṣọ fẹ́ẹ̀ di yín létí, ẹ bi ẹni tó ń mú yín kiri pé: ta ló ká òwú yìí?