Ẹ Wo Àtẹ́lẹsẹ̀ Yín

Ìyá àgbà kan wà ní àdúgbò wa tí mo máa ń bá gé èékánná ẹsẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Ní oṣù tó kọjá, mo rí àmì dúdú kan ní àtẹ́lẹsẹ̀ wọn, tí etí rẹ̀ kò gún. Mo ní, "Mama, kí ni èyí?" Wọ́n ní, "Bàtà ló bó mi lẹ́sẹ̀, ọmọ mi." Mo bi wọ́n pé láti ìgbà wo? Wọ́n ní ó ti lé ní ọdún kan. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹsẹ̀ tí bàtà bó wo ni yóò pé ọdún kan láìsan, tí yóò tún máa fẹ̀ sí i?

Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé àrùn òyìnbó ni jẹjẹrẹ awọ ara. Òótọ́ ni pé dúdú ara wa ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ oòrùn, ṣùgbọ́n ààbò náà kò dé ibi gbogbo. Ẹ rántí Bob Marley. Lábẹ́ èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti rí jẹjẹrẹ tí à ń pè ní melanoma ní ọdún 1977. Ó kọ̀ kí wọ́n gé ọmọ ìka náà. Àrùn náà ràn dé ọpọlọ, ó sì kú ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún ọdún 1981, ní ẹni ọdún 36.

Mẹ́ta ni èyí tó wọ́pọ̀ jù. Basal cell carcinoma sábà máa ń yọ ní ojú tàbí ọrùn bí kókó kékeré tó ń dán. Kì í yára ràn, ṣùgbọ́n ó lè jẹ ẹran ara tó wà lábẹ́ rẹ̀. Squamous cell carcinoma ló wọ́pọ̀ jù láàárín àwa aláwọ̀ dúdú. Ó fẹ́ràn ojú àpá iná àti egbò ọlọ́jọ́ pípẹ́ tó kọ̀ tí kò jinná. Melanoma ló ṣọ̀wọ́n jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun náà ló sì burú jù. Àtẹ́lẹwọ́, àtẹ́lẹsẹ̀ àti abẹ́ èékánná ló sábà ń ti yọ lára wa. Ní ti àwọn àfín, oòrùn gan-an ni ọ̀tá wọn. Fìlà fífẹ̀, aṣọ alápá gígùn àti ìpara tó ń dènà oòrùn kì í ṣe fáàrí fún wọn.

Bí àmì kan bá ń tóbi, tí àwọ̀ rẹ̀ kò dọ́gba, tí ó ń ṣẹ̀jẹ̀, tàbí tí egbò bá lé ní oṣù kan láìsan, ẹ lọ rí dókítà. Yóò gé díẹ̀ níbẹ̀ fún àyẹ̀wò. Bí jẹjẹrẹ náà kò bá tíì ràn, iṣẹ́ abẹ láti gé e kúrò sábà máa ń tó. Bí ó bá ti ràn, ó di ti ìtọ́jú onítànṣán àti oògùn alágbára, tí owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Kékeré la ti í pẹ̀ka ìrókò.

Mama kọ́kọ́ yarí. Wọ́n ní àgbo ni àwọn yóò fi wẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bẹ̀ wọ́n. Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, a jọ lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n ti gé díẹ̀ níbẹ̀, a sì ń dúró de èsì.

Ní alẹ́ òní, kí ẹ tó sùn, ẹ tan iná, kí ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀ yín. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ti ìyá yín.