Àyẹ̀wò Ṣúgà Aboyún: Iṣẹ́ Gbogbo Ilé Ni

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ fi lọ ẹ̀yin ìjòyè wa àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú ní oṣù yìí lè dàbí ọ̀rọ̀ obìnrin ní etí ẹlòmíràn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè bi wá léèrè pé, kí ni ìwé ẹgbẹ́ tí ń sọ̀rọ̀ àṣà àti ìlọsíwájú ìran Yorùbá ń wá ní yàrá tí nọ́ọ̀sì ti ń gba ẹ̀jẹ̀ aboyún? Ìdáhùn wa kò gùn. Ìran tí kò bá tọ́jú ẹni tí ó lóyún kò ní ẹni tí yóò fi àṣà rẹ̀ lé lọ́wọ́. Àwọn bàbá wa mọ èyí. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé bí obìnrin kan bá lóyún, gbogbo agboolé ni ó máa ń ṣọ́ ọ títí a ó fi gbọ́ ohùn ìyá tí a ó sì gbọ́ ohùn ọmọ. Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí á má ṣe jẹ́ kí àṣà rere náà parí sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn.

Ẹ jẹ́ kí á fi ìlú Festac àti Mazamaza, ní ìjọba ìbílẹ̀ Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ṣe àpẹẹrẹ. Ayé mọ orúkọ Festac. Nítorí àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú, èyí tí a ṣe láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní títí di ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977, ni a ṣe kọ́ ìlú náà, kí àwọn àlejò lè rí ibi wọ̀ sí. Àjọ̀dún parí, àlejò lọ, àwọn onílé kó wọlé, a sì ń bímọ níbẹ̀ láti ìgbà náà. Lónìí, Yorùbá, Ìgbò, Ẹ̀gùn àti ẹ̀yà mìíràn ni wọ́n jọ ń gbé àdúgbò náà, ibùdókọ̀ Mazamaza sì ń gba èrò ní ojú ọ̀nà tí ó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti kọ́ ilé ìtọ́jú ìyá àti ọmọ sí Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin. Ìlú tí a kọ́ láti fi ohun ìní wa han ayé, ohun ìní wo ni ó wà níbẹ̀ tí ó ju ìyá àti ọmọ lọ?

Àìsàn tí àyẹ̀wò tí a ń wí yìí ń wá ni èyí tí a ń pè ní àtọ̀gbẹ tàbí ìtọ̀ ṣúgà. Inú àkíyèsí ni orúkọ kejì yìí ti wá: ènìyàn tọ̀ sílẹ̀, eèrà sì ṣù bò ó. Ojú àwọn tí ó sọ ọ́ ní orúkọ bẹ́ẹ̀ mú púpọ̀. Ṣùgbọ́n ní ti aboyún, orúkọ náà lè ṣi ni lọ́nà. Nígbà oyún, kíndìnrín a máa jẹ́ kí ṣúgà díẹ̀ bọ́ sínú ìtọ̀ obìnrin tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ẹlòmíràn sì wà tí ṣúgà ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tí eèrà kan kò yà sí ìtọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀jẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò. Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin náà lè má mọ̀ ọ́n lára rárá, nítorí pé òùngbẹ, àárẹ̀ àti ìtọ̀ lemọ́lemọ́, tí í ṣe àmì àìsàn náà, ni oyún fúnra rẹ̀ ń fà.

Bí ọ̀ràn náà ti ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Púpọ̀ nínú oúnjẹ tí a ń jẹ a máa di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀, omi ara kan tí a ń pè ní ínsúlínì ni ó sì ń ṣí ilẹ̀kùn fún ṣúgà náà láti wọ inú ẹran ara, kí ó lè di agbára. Bí oyún ti ń dàgbà, ibi-ọmọ a máa tú àwọn omi mìíràn jáde tí wọ́n ń dí ínsúlínì lọ́wọ́, kí oúnjẹ lè kù fún ọmọ inú. Ara ọ̀pọ̀ obìnrin a máa pèsè ínsúlínì sí i láti fi dí àlàfo náà. Ara àwọn mìíràn kò lè ṣe é. Ṣúgà a kún inú ẹ̀jẹ̀ wọn, a sì ti ibi-ọmọ kọjá sọ́dọ̀ ọmọ. Ọmọ a tóbi ju bí ó ti yẹ lọ, èjìká rẹ̀ lè há ní ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru lè kọlu ìyá. Nígbà tí a bá sì bí ọmọ tán, ṣúgà ara ọmọ lè já wálẹ̀ lójijì. Èyí kì í ṣe ọ̀ràn ènìyàn díẹ̀. Àjọ àgbáyé tí ń rí sí àrùn àtọ̀gbẹ ṣírò ní ọdún 2021 pé, nínú ọmọ mẹ́fà tí a bí láàyè, ìyá ọ̀kan ni ó ní ṣúgà tí ó ga nígbà oyún.

Inú wa dùn láti sọ pé ìtọ́jú wà, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ní ọdún 2005, àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Australia tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde, èyí tí wọ́n ṣe láàrin 1,000 aboyún tí ṣúgà wọn ga. Àwọn kan gba ìtọ́jú pàtàkì fún ṣúgà náà, àwọn ìyókù gba ìtọ́jú tí gbogbo aboyún ń gbà. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ àwọn tí kò gba ìtọ́jú ṣúgà, mẹ́rin ni ewu ńlá bá. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ àwọn tí ó gbà á, ẹyọ kan ni. Ṣùgbọ́n ta ni a lè tọ́jú bí a kò bá mọ̀ ọ́n? Báwo ni a ó sì ti mọ̀ ọ́n bí a bá ṣe àyẹ̀wò náà bí kò ti yẹ?

Láàrin ọ̀sẹ̀ 24 sí ọ̀sẹ̀ 28 oyún ni a sábà máa ń ṣe é. Aboyún yóò dé sí yàrá àyẹ̀wò ní òwúrọ̀ láìjẹun. A ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ìgbà kìíní. A ó fún un ní gíráàmù 75 glúkóòsì tí a pò mọ́ omi, kí ó mu ún tán láàrin ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí a bá fi ṣíbí tíì wọn irú ṣúgà bẹ́ẹ̀, yóò tó bí ṣíbí 18. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ohun kékeré ni fún ẹni tí inú ń rìn. Lẹ́yìn wákàtí kan a ó tún gba ẹ̀jẹ̀, lẹ́yìn wákàtí kejì a ó gbà á ní ìgbà kẹta. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé kalẹ̀ ní ọdún 2013, bí ti àkọ́kọ́ bá tó 5.1 mmol/L, tàbí ti wákàtí kan bá tó 10.0, tàbí ti wákàtí méjì bá tó 8.5, ọ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti tó láti sọ pé ṣúgà oyún wà.

Òṣùwọ̀n ni àyẹ̀wò yìí í ṣe. Ẹ̀yin náà mọ oníṣòwò tí ó ń tẹ ìsàlẹ̀ kóńgò rẹ̀ wọ inú kí gààrí lè dàbí ẹni pé ó kún. Ẹni tí ó wá rajà ni ó rẹ́ jẹ. Ṣùgbọ́n aboyún tí ó bá tẹ ìsàlẹ̀ òṣùwọ̀n yìí wọ inú, ara rẹ̀ àti ọmọ inú rẹ̀ ni yóò rẹ́ jẹ. Bí ó bá fi ọjọ́ mẹ́ta sá fún ẹ̀bà, iyán, ìrẹsì àti búrẹ́dì, ní ìrètí pé ṣúgà rẹ̀ yóò wálẹ̀, ara tí ebi ti pa kì yóò lè tètè dá ínsúlínì tí ó tó sílẹ̀ nígbà tí glúkóòsì bá dé bá a lójijì, a sì lè ka àìsàn sí ẹni tí kò ní i lọ́rùn. Bí ó bá mu omi ewúro tàbí àgbo kan ní ìdájí kí ó lè “yege”, ààwẹ̀ tí a ní kí ó gbà ti bàjẹ́, kò sì sí ẹni tí ó mọ ohun tí nọ́ńbà náà túmọ̀ sí mọ́. Kò sí yíyege nínú ọ̀ràn yìí. Òtítọ́ nìkan ni èrè rẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí ó tọ́ nìyí. Fún ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, kí aboyún máa jẹ oúnjẹ rẹ̀ bí ó ti ń jẹ ẹ́, láìyọ oúnjẹ agbára kúrò. Ní alẹ́ tí ó ṣáájú, kí ó jẹun tán ní àkókò tí yóò fún un ní wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́rìnlá láìjẹun. Ẹni tí ó bá jẹun tán ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀, ti ṣe dáadáa. Omi lásán kò ní ewu. Tíì, mílíìkì, mọ́ọ̀tì, orógbó àti obì kò gbọ́dọ̀ kan ẹnu. Bí ó bá ń lo egbòogi ikọ́ fée tàbí egbòogi mìíràn, kí ó sọ fún dókítà ṣáájú, nítorí àwọn kan wà tí ń gbé ṣúgà sókè. Kí ó má sì ṣe dá egbòogi dókítà dúró fúnra rẹ̀. Ẹni tí a ti mọ̀ pé ó ní àtọ̀gbẹ kí ó tó lóyún kò ní ohun tí yóò fi àyẹ̀wò yìí ṣe. Nígbà tí ó bá mu glúkóòsì tán, kí ó jókòó jẹ́ẹ́. Kí ó má ṣe dìde lọ ra nǹkan ní ọjà kí ó tó padà wá, nítorí ìrìn ń jó ṣúgà. Bí ó bá bì í, kí ó sọ ọ́ láìtijú: a ó dá àyẹ̀wò náà dúró, a ó sì dá ọjọ́ mìíràn.

Ẹ̀yin ọkọ ni ó kàn wàyí. Ẹni tí ó bá mọ ojú ọ̀nà Mile 2 sí Mazamaza mọ bí ọkọ̀ ti ń há níbẹ̀ ní òwúrọ̀. Ẹ ro ti obìnrin tí oyún rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́fà, tí kò tíì jẹun, tí ó dúró nínú oòrùn kí ó lè rí ọkọ̀ wọ̀. Bí ó bá pẹ́ dé, ààwẹ̀ rẹ̀ lè gùn kọjá àkókò, òòyì sì lè kọ́ ọ. Kí ọkọ, tàbí ìyá ọkọ, tàbí àbúrò kan tẹ̀lé e lọ. Kí wọ́n tètè jáde nílé. Kí ẹlòmíràn bójú tó àwọn ọmọ, kí ó sì se oúnjẹ ọjọ́ náà. Kí a di mọ́ínmọ́ín àti ẹja lọ́wọ́, kí ó lè jẹun bí a bá ti gba ẹ̀jẹ̀ kẹta tán. Nǹkan wọ̀nyí kò náni ní owó púpọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ni ó ń sọ bóyá obìnrin yóò lọ tàbí kò ní lọ.

Ẹ̀yin olórí ìjọ àti ẹ̀yin ààfáà wa, ọwọ́ yín náà ni ọ̀ràn yìí wà. Òfin Ìsìláàmù yọ̀ǹda fún aboyún tí ó ń bẹ̀rù ewu láti sún ààwẹ̀ rẹ̀ síwájú. Ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta ní ṣọ́ọ̀ṣì sì lè dúró de ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé àyẹ̀wò, tàbí kí àwọn ẹlòmíràn gbà á ní orúkọ aboyún. Ẹ bá wa sọ èyí lórí àga ìwàásù, nítorí ohùn yín ń dé ibi tí ohùn dókítà kò dé.

Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ jẹ́ kí á tún sọ ti èdè. Ìwé tí a fi ń ṣe àlàyé àyẹ̀wò fún aboyún kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ìwé Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Kí a kọ ọ́ ní Yorùbá tí ó ṣe kedere, kí a kọ ọ́ ní Ìgbò àti ní Ẹ̀gùn fún àwọn aládùúgbò wa, kí a sì máa kà á sókè fún ẹni tí kò mọ̀wé. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí, ṣùgbọ́n ní ọ̀ràn ìlera, odindi ọ̀rọ̀ ni a gbọ́dọ̀ sọ.

Bí àbájáde bá sì fi hàn pé ṣúgà ga, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi í ṣe ẹ̀gàn. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kì í ṣe epè, kì í sì ṣe pé obìnrin náà jẹ ṣúgà jù. Ọ̀pọ̀ ni yóò rí ìtura nípa dídín òkèlè kù, fífi ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ẹja kún un, àti ìrìn díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Àwọn mìíràn yóò nílò egbòogi tàbí abẹ́rẹ́ ínsúlínì. Lẹ́yìn ìbímọ, ní ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkejìlá, kí ó padà lọ ṣe àyẹ̀wò mìíràn, nítorí ẹni tí ó ti ní ṣúgà oyún rí súnmọ́ àtọ̀gbẹ ju ẹlòmíràn lọ ní ọjọ́ ọ̀la. Ibi tí ọ̀pọ̀ ilé ti ń gbàgbé nìyí: ariwo ìsọmọlórúkọ a bo ìyá mọ́lẹ̀.

Ohun kan kù tí ó yẹ kí ó dun àwa tí ń pe ara wa ní olùfẹ́ ìran. Ìwádìí ńlá tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2008, lórí èyí tí a gbé àwọn nọ́ńbà òkè yìí kà, gba aboyún bí 25,000 ní ilẹ̀ mẹ́sàn-án. Bridgetown ní Barbados wà nínú rẹ̀, Bangkok wà níbẹ̀, Belfast wà níbẹ̀; ìlú ilẹ̀ Áfíríkà kan kò sí níbẹ̀. Òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn àwọn ìyá wa, láti ara àwọn ìyá ẹlòmíràn ni a ti rí i. Bí a bá fẹ́ kí a ka tiwa mọ́ ọn, kí àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn wa kọ́kọ́ jẹ́ òtítọ́. Òtítọ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ láti ara obìnrin kan ní Festac tí ó jẹun bí ó ti yẹ fún ọjọ́ mẹ́ta, tí ó jókòó fún wákàtí méjì, tí ẹni rẹ̀ jókòó tì í.

Kí Olódùmarè bá wa tú gbogbo àwọn tí ó gbé oyún sínú sílẹ̀ ní wẹ́rẹ́. Kí á gbọ́ ohùn ìyá, kí á gbọ́ ohùn ọmọ.