Èló Ni Wọ́n Ra Oògùn, Èló Ni Wọ́n Tà Á Fún Wa?

 Ọ̀rọ̀ owó oògùn ti kọjá ohun tí à ń fi sùúrù bò mọ́lẹ̀.

Ní 1987, àwọn mínísítà ìlera ilẹ̀ Áfíríkà ṣe àdéhùn ní Bamako: kí ará ìlú máa san owó díẹ̀ fún oògùn tó pọn dandan, kí owó yẹn tún ra òmíràn, kí kọmité ará ìlú sì máa bójú tó o. Bẹ̀nẹ̀ gbà á. Ìjọba dá CAME sílẹ̀, tó di SoBAPS lónìí, láti máa ra oògùn lọ́pọ̀ fún ilé ìwòsàn. Àwa là ń sanwó. Ẹ̀tọ́ wa ni ká mọ ìṣírò rẹ̀.

Àwọn kan ní kí ọlọ́pàá ṣáà lé àwọn tó ń ta oògùn lẹ́bàá ọ̀nà, ó parí. A ò lòdì sí i, oògùn ayédèrú ń pani. Ní oṣù kejì 2017, wọ́n ya wọ Adjégounlè ní Kútọnu, wọ́n kó oògùn ibẹ̀. Ó dáa. Ṣùgbọ́n bí oògùn bá tán ní ilé ìwòsàn, tí farmasí sì jìnnà, kí ni ìyá tí ara ọmọ rẹ̀ ń gbóná yóò ṣe? Ṣé kó káwọ́ lérí ni? Ọ̀dọ̀ alákiri ló máa lọ.

Ní Amẹ́ríkà pàápàá, àwọn alágbàtà oògùn ń fi owó wọn ni ilé oògùn lára. Ìpínlẹ̀ Arkansas ṣòfin ní 2015 pé wọn ò gbọdọ̀ san iye tó kéré sí èyí tí ilé oògùn fi ra ọjà. Wọ́n pe ìpínlẹ̀ náà lẹ́jọ́. Ní oṣù kejìlá 2020, ilé ẹjọ́ tó ga jù dá Arkansas láre. Ìjọba béèrè: èló lẹ rà, èló lẹ tà? Ìbéèrè tiwa náà nìyẹn.

Ohun mẹ́ta là ń fẹ́. Kí wọ́n kọ iye owó oògùn sára pátákó ní gbogbo ilé ìwòsàn, ní Faransé àti ní èdè wa. Kí kọmité ka ìṣírò owó fún ará ìlú ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Kí wọ́n kéde oògùn tó fẹ́ tán kó tó tán.

Ẹ̀yin ìjòyè, ẹ bá wa gbé e síwájú mẹ́à ní Bassila. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Àwa ò ní dákẹ́.