Ilẹ̀ Pàápàá Ń Ṣe Ojúsàájú

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ ni. Mo mọ̀ pé bí a bá ti dárúkọ rẹ̀ báyìí, ààfáà yóò fajú ro, pásítọ̀ yóò sì mi orí. Wọn kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n tẹ́tẹ́ ti dé ìlú ná, ó ti wọ inú fóònù àwọn ọmọ wa, bí a bá dákẹ́ kò ní torí bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò bí oníṣòwò Òmù-Àrán ti ń yẹ ẹrù wò kí ó tó sanwó: kí ni wọ́n ń tà fún wa, èló ni wọ́n ń tà á, èló ni ó sì tọ́ sí?

Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni èyí: ǹjẹ́ òótọ́ ni pé ẹni tí ó bá mọ ilẹ̀ pápá eré ẹṣin kékeré kan dáadáa lè rí èrè níbẹ̀ ju ẹni tí ó ń lé àwọn pápá ńláńlá kiri lọ? Mo ní òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òótọ́ náà kò tó èyí tí àwọn tí ń sọ ọ́ rò.

Eré ẹṣin kì í ṣe àjèjì sí wa. Ní Èkó, ní 1859, Ọba Dòsùnmú yọ̀ǹda ilẹ̀ kan fún àwọn òyìnbó, ibẹ̀ ni wọ́n sọ di pápá eré ẹṣin. Pápá yẹn kan náà ni wọ́n ti ta àsíá Nàìjíríà sókè nígbà òmìnira ní 1960. Ní 1972 ni wọ́n kọ́ Gbàgede Tafawa Balewa sí orí rẹ̀, eré ẹṣin sì parí níbẹ̀. Ní òkè Ọya lọ́hùn-ún, ẹṣin ṣì ń sá ní Kánò àti Kàdúná. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ń ṣòwò ní Àbíjàn, tí àwọn ará Èjìgbò pọ̀ nínú wọn, ń rí àwọn tí ń ta tẹ́tẹ́ LONACI lójúmọ́, lórí ẹṣin tí ń sáré ní ilẹ̀ Faransé, ní ìlú tí ẹni tí ń ta á kò fi ẹsẹ̀ tẹ̀ rí.

Kí ni a wá ń pè ní ojúsàájú ilẹ̀? Ẹ̀yin olùkọ́ ni n ó kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, nítorí ẹ ti mọ̀ ọ́n láìmọ̀. Nígbà tí eré ìdárayá ilé-ẹ̀kọ́ bá kù sí dẹ̀dẹ̀, tí ẹ ń fi ẹfun fa ìlà sí pápá fún eré mítà 400, ǹjẹ́ ẹ máa ń tò gbogbo àwọn ọmọ sí ojú ìlà kan náà? Rárá o. Ọmọ tí ó wà ní ìlà òde, ẹ ó sún un síwájú ju ti inú lọ, ó lé ní mítà 7 láti ìlà kan sí èkejì. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá gba òde yí kọ́nà ni ọ̀nà rẹ̀ gùn jù.

Ó dára. Àwọn ẹṣin ńkọ́? Ojú kan náà ni gbogbo wọn ti ń gbéra. Ẹṣin tí ó bá fi mítà 3 jìnnà sí ọgbà inú, bí ó bá fi yí pápá po lẹ́ẹ̀kan, ẹ sọ 3 di ìlọ́po méjì, kí ẹ tún fi 3.14 sọ ọ́ di púpọ̀. Ó kù díẹ̀ kí ó pé mítà 19 tí yóò fi sáré ju ti inú lọ. Gígùn ẹṣin kan kò ju nǹkan bíi mítà méjì àbọ̀ lọ. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: ó ju gígùn ẹṣin méje lọ, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ eré wà tí imú nìkan ni wọ́n fi ń ya ẹni tí ó gbégbá orókè.

Yálà pápá tóbi ni o, yálà ó kéré ni o, mítà 19 yìí kò yí padà. Ṣùgbọ́n ní pápá kékeré, ẹṣin lè yí i po tán kí eré máìlì kan tó parí, nígbà tí ó jẹ́ pé ní Newmarket ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n lè sáré máìlì kan tààrà láìyà sí kọ́nà kankan. Ní pápá kékeré, kọ́nà a máa ṣẹ́ gan-an, ọ̀nà tí ó lọ tààrà sí ìparí a sì máa kúrú, ẹni tí ó wà lẹ́yìn kì í rí àyè lé ti iwájú bá. Àwọn àgbà wí pé ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Ní irú pápá bẹ́ẹ̀, tẹ̀yìn yóò wò ó títí eré yóò fi parí ni.

Òjò náà ní ti rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá dagun sí apá kan, omi á dúró síbẹ̀, ẹṣin tí ó bá gba ibẹ̀ á máa fa ẹsẹ̀ yọ nínú ẹrẹ̀. Bí pátákò ẹṣin bá ti tú ilẹ̀ ẹ̀bá ọgbà láti àárọ̀, ẹni tí ó gba òde lọ́sàn-án lè jàǹfààní. Nítorí náà ojúsàájú àná lè má jẹ́ ti òní.

Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí yóò ní: "Tóò, mo ti mọ̀ ọ́n! Ẹṣin ọgbà inú ni n ó máa fi owó mi lé." Ẹ ní sùúrù. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣubú.

Ní Chester, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pápá kan wà tí wọ́n ti ń sá eré ẹṣin láti 1539. Ó kéré, díẹ̀ ni yíyípo rẹ̀ fi lé ní máìlì kan, kọ́nà ni kìkì rẹ̀. Gbogbo ayé ni ó mọ̀ pé ní eré kúkúrú níbẹ̀, ẹṣin tí ó gbéra láti ẹ̀bá ọgbà inú ni ilẹ̀ ń ràn lọ́wọ́. Nígbà tí gbogbo ayé ti mọ̀ ọ́n, ǹjẹ́ a rí ẹni tí yóò tà á fún wa ní pọ́ọ́kú? Àṣírí tí gbogbo ọjà ti gbọ́, owó rẹ̀ ti wà lórí ẹrù.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò tì í lẹ́yìn. Ká ní ẹṣin kan wà tí ó lè borí lẹ́ẹ̀kan nínú eré mẹ́rin. Ẹ fi ₦100 lé e nígbà mẹ́rin, ₦400 ti jáde. Bí wọ́n bá ń san ₦500 fún ẹni tí ó bá jẹ, ẹ jèrè ₦100. Bí ó bá jẹ́ ₦300 ni wọ́n ń san, ẹ pàdánù ₦100. Ẹṣin kan náà ni, ilẹ̀ kan náà ni. Iye tí wọ́n ń san nìkan ni ó yà wọ́n. Nítorí náà, "Ẹṣin wo ni yóò borí?" kì í ṣe ìbéèrè ọlọ́gbọ́n. Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni, "Ǹjẹ́ iye tí wọ́n ń san ju ewu tí mo gbé lọ?"

Ní pápá kékeré, àwọn tí ń ṣọ́ ilẹ̀ kò pọ̀, iye náà sì lè ṣìnà nígbà mìíràn. Òótọ́ tí mo sọ pé ó wà níbẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ apá kejì. Irú tẹ́tẹ́ kan wà tí Joseph Oller dá sílẹ̀ ní Paris ní nǹkan bí 1867: wọ́n á da owó gbogbo ènìyàn pọ̀, onílé tẹ́tẹ́ á yọ tirẹ̀, àwọn tí ó jẹ á pín ìyókù. Ká ní ₦10,000 ni gbogbo owó tí ó wà nílẹ̀, ₦500 péré ni ó sì wà lórí ẹṣin tí ẹ fẹ́. Ká tún ní onílé á yọ ìdámẹ́rin. ₦7,500 kù fún ₦500, ìyẹn ni pé náírà kan á di náírà 15. Ó wu ojú! Ẹ wá kó ₦1,000 lé e. Owó gbogbo di ₦11,000, onílé yọ ìdámẹ́rin, ó ku ₦8,250 fún ₦1,500. Náírà kan di náírà márùn-ún àbọ̀. Ta ni ó ba ọjà jẹ́? Ẹ̀yin fúnra yín ni. Oníṣòwò tí ó bá kó owó ńlá wọ ọjà abúlé láti ra gbogbo iṣu ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò fi sọ iṣu di ọ̀wọ́n. Bí pápá ti kéré tó ni èrè ibẹ̀ kéré tó.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù tí ó ṣe pàtàkì fún àwọn ọmọ wa. Ní ọ̀pọ̀ ilé tẹ́tẹ́ ní Nàìjíríà lónìí, ẹ ó rí ẹṣin tàbí ajá tí ń sáré nínú tẹlifíṣọ̀n ní ìṣẹ́jú díẹ̀ díẹ̀, láti àárọ̀ dé alẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé òun ti mọ ilẹ̀ wọn. Wọn kò ní ilẹ̀! Àwòrán ni wọ́n, kọ̀ǹpútà ni ó ń pinnu ẹni tí yóò borí, wọ́n sì ti ṣírò èrè onílé mọ́ ọn kí ẹṣin náà tó gbéra. Òjò kì í rọ̀ síbẹ̀, ẹrẹ̀ kò sí, ọgbà inú kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ọmọ tí ó jókòó síbẹ̀ láti fi ìwé kọ èyí tí ó borí àti èyí tí kò borí, ó ń fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ka ìràwọ̀ ni.

Ìmọ̀ràn mi kò gùn. Ẹni tí ó bá ní òun kò lè ṣe kí òun má ta tẹ́tẹ́, kí ó ra ìwé kékeré kan. Kí ó kọ gbogbo owó tí ó bá jáde àti gbogbo èyí tí ó bá wọlé sínú rẹ̀, kí ó má fi ọ̀kan pamọ́. Kí ó má ṣe gba pé ilẹ̀ kan ń ṣe ojúsàájú nítorí eré mẹ́rin tàbí márùn-ún; olùkọ́ wo ni ó ń fi ọmọ mẹ́rin dá gbogbo kíláàsì lẹ́jọ́? Bóyá àwọn ẹṣin tí ó borí náà ni ó dára jù tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí ó ṣí ìwé náà síwájú ìyàwó rẹ̀, kí àwọn méjèèjì jọ ròó pọ̀. Ọ̀pọ̀ ni ìwé yìí yóò gbà sílẹ̀ ju ìwàásù lọ.

Owó oṣù, owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ, owó àjọ tí ó wà lọ́wọ́ ẹni, àti owó tí a fi ń ra ọjà, kò sí èyí tí ó yẹ kí ó dé ilé tẹ́tẹ́. Àwọn kan a sì máa pa òwe fún ara wọn nígbà tí owó bá ti lọ, wọ́n á ní bí ẹṣin bá dá ni, à ń tún un gùn ni. Òwe rere ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni ẹṣin ni wọ́n pa á fún. Ẹni tí ó ta tẹ́tẹ́ kò gun ẹṣin kankan; onílé tẹ́tẹ́ ni ó wà lórí gàárì.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o. Ire kàbìtì.