Kọ́là Ọrùn Kì í Ṣe Ẹ̀wù Ilé Ẹjọ́

Bí àwọn ọmọ Nàìjíríà bá rí ẹni tó so kọ́là mọ́ ọrùn lónìí, ẹ̀rín ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu wọn. Ohun tí àwọn oníṣègùn ṣe láti fi gbé ọrùn tó farapa dúró ti di ẹ̀wù tí wọ́n mọ̀ mọ́ àwọn ọlọ́lá tó ń jẹ́jọ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, tilé-toko ló rí àwòrán Sẹ́nétọ̀ Dino Melaye lórí ibùsùn aláìsàn nílé ẹjọ́ kan ní Àbújá, tòun ti kọ́là lọ́rùn, lẹ́yìn ìgbà tó jáde láti inú ọkọ̀ ọlọ́pàá tó ń gbé e lọ. Ẹni tó bá bọ́ sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ lè fi ọrùn ṣèṣe lóòótọ́, dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ló sì lè sọ. Ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú kò dúró béèrè. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi ṣe, nítorí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń rí àwọn ọlọ́lá tí ara wọn le koko lọ́jọ́ ìbò, tó jẹ́ pé ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ nìkan ni àìsàn ń rántí wọn.

Ẹ̀fẹ̀ yìí ní owó orí tó ń san, àwọn tó sì ń san án kò sí nílé ẹjọ́. Ojú títì ni wọ́n wà. Orílẹ̀-èdè tó ti mọ kọ́là ọrùn bí ohun ìtàgé kò ní béèrè ìdí tí kò fi sí níbi tí ọkọ̀ ti takìtì.

Eegun méje ló wà nínú ọrùn ọmọ ènìyàn. Ihò tó gba àárín wọn kọjá ni mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn wà, òun ló sì ń gbé àṣẹ ọpọlọ lọ sí àyà, ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Bí ọ̀kan nínú àwọn eegun yìí bá ṣẹ́ nínú ìjàǹbá, mùdùnmúdùn náà lè má tíì farapa rárá. Ẹni náà lè máa sọ̀rọ̀, kó máa na ọwọ́, kó máa ká ẹsẹ̀. Ìgbà tí ẹnìkan bá fà á lápá, tí orí rẹ̀ sì yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ni eegun tó ṣẹ́ náà lè ba ohun tí ìjàǹbá kò bà jẹ́. Bó bá jẹ́ apá òkè ọrùn, láàárín eegun kẹta sí ìkarùn-ún, èémí lè dúró, nítorí ibẹ̀ ni àṣẹ mímí ti ń gbà jáde. Bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ díẹ̀, ẹni tó lè fẹsẹ̀ rìn jáde nílé ìwòsàn lè di ẹni tí wọn yóò máa gbé títí ayé.

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ lójú títì Èkó sí Ìbàdàn, tàbí Ìbàdàn sí Ifẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ bá dojú dé? Àwọn aláàánú á sáré dé. Ọ̀kan á di apá mú, èkejì á di ẹsẹ̀, wọ́n á fa aláìsàn gba ojú fèrèsé, wọ́n á ká a sẹ́yìn ọkọ̀ bí àpò gàrí, orí rẹ̀ á sì máa fì sọ́tùn-ún sósì títí dé ilé ìwòsàn. Nínú ìgboro, wọ́n lè fi í sáàárín ẹni méjì lórí ọ̀kadà. Ìfẹ́ ló ń mú wọn ṣe é. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti sọ ọ́: ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó fàbọ̀ bá adìẹ wí. Láti ọdún 1988 ni Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ti wà. Awakọ̀ kò gbọdọ̀ gbàgbé ohun ìpaná sílé, wọn yóò dá a dúró. Wọn yóò béèrè táyà àpọ̀jù àti ìwé ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ló ń béèrè bóyá ó mọ bí a ṣe ń gbé ẹni tí ọrùn rẹ̀ ṣẹ́? Awakọ̀, èrò ọkọ̀ àti àwọn tó ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà ló sábà máa ń kọ́kọ́ dé ibi ìjàǹbá, àwọn gan-an ni ìjọba kò sì kọ́.

Ohun tó yẹ kí wọ́n mọ̀ kò ṣòro. Bí iná tàbí omi kò bá lé ẹni tó farapa, kí wọ́n má fà á. Kí ẹnìkan fi ọwọ́ méjèèjì di orí rẹ̀ mú kó má yí, kó sì máa bá a sọ̀rọ̀. Kí wọ́n wò ó pé ó ń mí, nítorí èémí ló ṣáájú ohun gbogbo. Bí wọn yóò bá gbé e, kí wọ́n pọ̀, kí ẹni tó di orí mú máa darí wọn, kí orí, ọrùn àti ẹ̀yìn jọ yí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí wọ́n sì tẹ́ ẹ sórí pákó tàbí ohun mìíràn tó tẹ́jú. Aṣọ tí wọ́n ká, tí wọ́n fi ti orí rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, kì í ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé àyè ìwà pẹ̀lẹ́ dà, níbi tí ọkọ̀ àwọn aláìsàn kò ti ní dé, tí olè sì lè jáde láti inú igbó? Ọ̀rọ̀ wọn ní ìtumọ̀. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ kò lè dúró títí láé. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mélòó ni kí ẹnìkan di orí mú ń gbà? Kò tó iye ìṣẹ́jú tí wọ́n fi ń jiyàn nípa ẹni tó jẹ̀bi ìjàǹbá náà.

A kò sì gbọdọ̀ sọ kọ́là fúnra rẹ̀ di òòṣà. Iṣẹ́ rẹ̀ kéré, ó sì ní ààlà. Èyí tó bá tóbi ju ọrùn lọ kò mú nǹkan dúró. Èyí tó bá fún jù ń tẹ iṣan ẹ̀jẹ̀, ó sì lè mú kí ìfúnpá inú agbárí ẹni tó fi orí ṣèṣe pọ̀ sí i. Bó bá pẹ́ lọ́rùn, ó ń dá egbò sábẹ́ àgbọ̀n àti sí ìpàkọ́. Onífóòmù rírọ̀ kò lè gbé eegun tó ṣẹ́ dúró. Síbẹ̀, àwọn tí ọrùn ń ro ń rà á, wọ́n sì ń wọ̀ ọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù láìsí àyẹ̀wò, títí iṣan ọrùn yóò fi di aláìlágbára. Láti ọdún 1995 ni ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ ní Quebec, ní Kánádà, ti sọ pé ẹni tí ọrùn rẹ̀ mì jìgìjìgì nínú ọkọ̀, tí eegun kò sì ṣẹ́, ìtètè padà sẹ́nu ìrìn àti iṣẹ́ ló dára fún un, kì í ṣe kọ́là ọlọ́jọ́ pípẹ́. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ti ẹni tí ìbọn bà tún yàtọ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2010, lórí àwọn tí ìbọn tàbí ọ̀bẹ ṣe léṣe, tí iye wọn lé ní 45,000, fi hàn pé ikú àwọn tí wọ́n dúró de ọrùn àti ẹ̀yìn wọn ní dídè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti àwọn tí wọn kò dè. Ohun tó kan irú wọn ni kí wọ́n yára dé ilé ìwòsàn, òfin ọdún 2017 sì pàṣẹ pé kí ilé ìwòsàn tọ́jú wọn, ìwé ọlọ́pàá ìbáà wà tàbí kó má sí.

Nítorí náà, kí ìjọba sọ ẹ̀kọ́ ìdóòlà di ara ohun tí awakọ̀ gbọ́dọ̀ yege kó tó gba ìwé ìwakọ̀. Kí wọ́n gbé ẹ̀kọ́ náà lọ sí gáréèjì àti ọjà ẹ̀bá ọ̀nà, ní èdè Yorùbá tó yé ènìyàn. Kí kọ́là oríṣiríṣi ìwọ̀n wà nínú gbogbo ọkọ̀ ìdóòlà, lọ́wọ́ ẹni tó mọ ìgbà tí a ń lò ó àti ìgbà tí a kì í lò ó. Kí àwọn adájọ́ pẹ̀lú pàṣẹ pé dókítà ìjọba ni yóò yẹ olújẹ́jọ́ tó bá wọ kọ́là wá wò, kí aláìsàn tòótọ́ gba àánú tó tọ́ sí i, kí alárékérekè sì bọ́ ẹ̀wù tí kì í ṣe tirẹ̀. Ọrùn tó yẹ kó wọ̀ ọ́ wà lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń dúró de ọwọ́ tó máa gbé e pẹ̀lú ẹ̀sọ̀.